Jìtá Kan, Ọmọ Méjì

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ọwọ́ mi kò lè yí ọrùn jìtá ká, Iléṣà là ń gbé. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo, ó sì gbé jìtá kan bọ̀, pẹ̀lú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́ta tí àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà kọrin sí. Orin wọn ń falẹ̀, bí ẹni tó ń dá ráhùn bọ̀ láti oko. A ò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ọkàn ẹni tó ń kọ ọ́ gbọgbẹ́.

Àwa tí mò ń wí ni èmi àti Délé, ọmọ opó tó ń ta ẹ̀kọ lójúde wa. Ẹ̀yin tí a jọ ṣèwe láwọn ọdún 1990 á rántí iyán ìrọ̀lẹ́: ọmọ méjì, ọmọ odó méjì, odó kan. Tèmi lọ sókè, tìrẹ balẹ̀. Ẹni tó bá ṣì í gún, àbàrá ìyá ń bọ̀ lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe ń ta jìtá yẹn. Ó tóbi jù wá lọ, a bá jókòó pọ̀ sórí àga kan, a gbé e lé itan. Délé á fi ọwọ́ òsì tẹ okùn lọ́rùn, èmi á fi ọwọ́ ọ̀tún ta á. Orí ìka Délé le kókó. Ìyá rẹ̀ rí i lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ìkòkò gbígbóná ta lò ń bá a gbé?” A rẹ́rìn-ín títí tí a fi gbàgbé omi tí wọ́n rán wa. Ìkúnlẹ̀, ọwọ́ lókè, la fi parí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Orin tiwa àkọ́kọ́ dá lórí bàbá Délé, tí wọn ò jẹ́ kí Délé rí òkú rẹ̀. Délé ń lé, èmi ń gbè. A kọ ọ́ nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, àwọn ìyá ìjọ sunkún. Wọ́n pè wá síbi ìkórè ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, wọ́n fún wa ní ràìsì pẹ̀lú ẹran méjì-méjì. Àwọn ọmọ àdúgbò ń yọ ṣùtì sí wa: “Ọlọ́wọ́ Kan-Kan, ibo lẹ tún ń lọ?”

Òṣogbo là ń lọ, síbi ìdíje orin àwọn ọmọ iléèwé. Ẹni tó bá gbégbá orókè, wọ́n á san owó sẹ́kọ́ńdìrì rẹ̀. Èmi ní bàbá. Délé ló nílò owó náà.

Adájọ́ tó wọ táì wò wá. “Jìtá kan, èèyàn méjì? Ojóóró nìyí. Ta ló ni ín?”

“Bàbá mi ni, sà.”

“Ìwọ jókòó. Ìwọ kejì, bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.”

Mo jókòó. Mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé ẹ̀rù ló bà mí. Irọ́ ni. Ó wù mí kí n dá jókòó síbẹ̀.

Mo ta okùn. Ohùn kan náà ló ń dún, kò yí padà, nítorí kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìka òsì Délé ń tẹ afẹ́fẹ́.

Mo kàwé dé yunifásítì, mo mọ ohun tó ń jẹ́ ojóóró. Ọkùnrin yẹn ò gbọ́ orin wa kó tó dájọ́. Nínú ìwé òfin tí wọ́n pín fún wa, kò sí ibi tó ti ka jìtá kan fún èèyàn méjì léèwọ̀. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà bíi tiwa ni adájọ́ náà, iyán tí èèyàn méjì gún ni wọ́n fi tọ́ ọ, kò pe ìyẹn lójóóró. Bàbá mi náà wà níjòókòó, kò dìde. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀, orí ọmọ wọ́.

Kò pé oṣù méjì tí àbúrò bàbá Délé fi wá mú un lọ sí Itagunmodi, kó lọ máa wa góòlù. “Ṣé jìtá ni yóò bọ́ ẹ?” ló bi í. Délé ò wojú mi nígbà tó ń lọ. Kò tíì wò ó dòní.

Lóde òní, fóònù ló ń kọ́ ọmọ ní jìtá. Ọmọ mi obìnrin ní tirẹ̀, ó bá a lọ́wọ́ mu, òun nìkan ló ń ta á nínú yàrá, ó sì mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Kò nílò ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé e fún mi, ó ní, “Dádì, ẹ ta tiyín ká gbọ́.”

Mo sọ fún un pé ọwọ́ òsì ń dùn mí.