Nígbà Tí Ọwọ́ Mi Ò Gbọ̀n Mọ́

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, mo fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, òwú ò wọlé. Mo lá ẹnu òwú náà, mo tún gbìyànjú, àṣé ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Mi ò sáré, mi ò gbé ẹrù, síbẹ̀ àyà mi ń lù kì kì kì bí ẹni tí ajá lé. Mo gbé òwú sílẹ̀, mo bojú wẹ̀yìn. Èmi o, mo máa ń fura, wọ́n sì ní ìfura loògùn àgbà. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé, ta ló ṣe mí?

Àwọn nǹkan mìíràn tẹ̀ lé e. Mò ń jẹun bí ẹni tó ń kọ ebè, ara mi sì ń joro. Ọyẹ́ mú gbogbo Ọ̀yọ́, èmi ń làágùn. Oorun dá lójú mi. Ẹyinjú mi wá ń yọ síta díẹ̀díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníbàárà ń bi mí bóyá inú ló ń bí mi sí wọn. Tẹ́ ẹ bá rí irú èyí lára yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ lọ rí dókítà.

Èmi ò lọ, nítorí pé ìjọ wa ti fún un lórúkọ mìíràn. Ẹgbẹ́ aládùúrà obìnrin wa máa ń pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ kan tá a di ọwọ́ ara wa mú láti gbàdúrà, Ìyá Àdúrà, àgbà obìnrin tó ń darí wa, ṣí ojú, ó wo ọwọ́ mi. Ó ní, “Ìyá Tómi, ọwọ́ ẹ ń gbọ̀n. Agbára ti bà lé ẹ.” Mo sọ fún un pé mi ò rí oorun sùn. Ó ní Ọlọ́run ló ń jí mi, Ó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin ti ń tò síwájú mi kí n gbé ọwọ́ lé wọn lórí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára mi. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé èèyàn lè bá Ọlọ́run ṣọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Mò ń gbààwẹ̀, mò ń lọ ìsọjí, ṣùgbọ́n tí mo bá kúnlẹ̀, bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ló máa ń rí. Àfi bí Ọlọ́run ṣe wá dì mí lọ́wọ́ mú, tí gbogbo ìjọ ń rí i. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí kí wọ́n má gbà á lọ́wọ́ mi. Bàbá Tómi, ọkọ mi, wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, “Irú ẹ̀mí wo ló ń gbẹ èèyàn bíi panla yìí?” Mo fura sí òun náà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Folúkẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Under G, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá wọn kọ́tìnì. Ìgbà tí mo dé, kò sí kọ́tìnì kankan. Ilé ìwòsàn ló mú mi lọ. Mo ní, “Àǹtí, ẹ tàn mí.” Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mo tàn ẹ́. Jókòó.” Mo rò ó nínú ara mi pé ìlara ni. Ó ti pẹ́ jù mí lọ nínú ìgbàgbọ́, ẹnikẹ́ni ò sì tò síwájú rẹ̀ rí.

A jókòó títí lórí bẹ́ǹṣì. Àlùhájà kan láti Sábó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ó rọra wò mí, ó ní bí ọkàn òun náà ṣe máa ń sáré nìyẹn kí òun tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Mo sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ta ló sọ fún un pé ọkàn mi ń sáré?

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní ká padà wá gbọ́ èsì. Nígbà tá a padà lọ, dókítà, ọmọbìnrin kan tí kò ju àbúrò mi lọ, ṣàlàyé fún mi. Ohun kan wà níwájú ọ̀fun gbogbo èèyàn, ó rí bíi labalábá tó na ìyẹ́, táíróọ̀dì ni wọ́n ń pè é. Ó ń tú oje kan sínú ẹ̀jẹ̀, oje náà ló ń sọ fún ara bó ṣe máa yára ṣiṣẹ́ tó. Tèmi ti ń tú u jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọkàn fi ń sáré, tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n, tí oorun fi lọ. Irú gẹ̀gẹ̀ kan ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo gẹ̀gẹ̀ ló máa ń wú síta. Ó fún mi ní oògùn méjì: ọ̀kan máa dín oje yẹn kù, èkejì máa mú kí ọkàn rọra lù.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mà, ọwọ́ yín ò ní gbọ̀n mọ́.”

Ìròyìn ayọ̀ ni lójú tirẹ̀. Lójú tèmi, wọ́n fẹ́ lé ọ̀rẹ́ mi jáde nílé. Ó kìlọ̀ pé tí mo bá pa oògùn náà tì, ọkàn mi lè daṣẹ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ o. Mo délé, mo dá ọgbọ́n tèmi. Nígbà tí mo lo oògùn náà fún ọjọ́ díẹ̀, mo rí i pé èkejì yẹn ló ń mú ọwọ́ dúró, nítorí náà, tó bá ti di Ọjọ́rú, màá pa á tì, kí ọwọ́ lè máa gbọ̀n dáadáa lọ́jọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn ìpàdé, màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì kan, mo gbé ọwọ́ lé orí aboyún kan, ọkàn mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò, á lù, á dúró, á tún sáré. Ilẹ̀ yí mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n ṣubú lu obìnrin náà. Bí wọ́n ṣe gbé mi dé Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò lè sọ.

Nígbà tí ojú mi wálẹ̀, dókítà bi mí bóyá mò ń lo oògùn náà bó ṣe yẹ. Mo sọ òótọ́, títí dórí Ọlọ́run ọ̀rẹ́ mi tí mi ò fẹ́ pàdánù. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá mi wí, àmọ́ Àǹtí Folúkẹ́ ò lè pa á mọ́ra. Ó ní, “Bọ́sẹ̀, ṣé ọ̀rẹ́ ẹ ló ní kó o kú kó o tó lè bá òun sọ̀rọ̀?” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Mo kọjú sí ògiri, mo sunkún.

Mo wá ń lo oògùn bó ṣe yẹ. Oorun padà, mo ń sanra bọ̀, ọwọ́ mi dúró jẹ́jẹ́. Mo lọ ìpàdé, mo sọ fún wọn pé àìsàn ni. Ìyá Àdúrà di ọwọ́ mi mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn, ó ní, “Àbí o ti ṣẹ Ọlọ́run?” Ẹnikẹ́ni ò tò síwájú mi mọ́. Ìbéèrè yẹn bá mi délé, torí èmi náà ti ń bi ara mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ ní yàrá. Ọwọ́ ò gbọ̀n, ara ò gbóná, ògiri àtijọ́ ló wà níwájú mi. Inú bí mi. Mo ní, “Olúwa, mo fura sí Ọ. Mo rò pé ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn lo fẹ́ràn, kì í ṣe èmi. Mo rò pé O ti lọ.” Mo di ojú, mo ń retí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí mi. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo bá ń bá a lọ: ọ̀rọ̀ ọkọ mi, ìlara tí mo fi kan ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ̀rù ikú ṣe bà mí nígbà tí ilẹ̀ yí mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo ti ń gbàdúrà, mi ò sọ irú nǹkan báyìí fún Un rí. Ìgbà tí mo máa dìde, orúnkún mi ti kú tipiri.

Mo ṣì ń lo oògùn, mo ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Mo ṣì ń fura pẹ̀lú, mi ò ní purọ́. Ọlọ́run ni mo kàn ń kọ́kọ́ sọ ọ́ fún báyìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n tó tàn mí, fún dókítà yẹn, fún ara tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara mi pa. Nígbà míì, mo máa ń gbé ọwọ́ lé àyà mi. Nígbà tí ọkàn mi ń pariwo, ó fẹ́ pa mí. Ní báyìí, mi ò kì í gbọ́ ọ rárá, òun ló sì gbé mi dúró.