Ìrọbí Tí Wọ́n Pè Ní Èké

Nígbà tí mo kéré, tí ọwọ́ mi ò tíì tó okùn tí a ń sá aṣọ sí, Mushin là ń gbé, nínú ilé tí yàrá kọjú síra wọn. Bí ẹni tó wà ní yàrá àkọ́kọ́ bá sín, ẹni tó wà ní yàrá ìkẹyìn ni yóò kí i pé pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń ti géètì mọ́rí, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í tán nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ọ̀rọ̀ kan fún yín. Inú ṣì ń bí mi sí i títí di òní.

Àbúrò bàbá mi gbé ìyàwó wálé, Ìyàwó náà sì ni gbogbo wa ń pè é. Nítorí pé ó bá mi nínú ilé, kò gbọdọ̀ pe orúkọ mi, bí mo ti kéré tó. Eyínfúnjowó ló sọ mí, nítorí pé mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn gan-an ni. Nígbà tó lóyún, tí ikùn rẹ̀ yọ, ó máa ń fi ọwọ́ mi lé e kí n lè mọ̀ ọ́n lára bí ọmọ ṣe ń tàpá.

Oyún náà ti wọ oṣù rẹ̀ nígbà tí ikùn rẹ̀ ṣàdédé le gbagidi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọkọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́ ní Ìlúpéjú, ìyá mi náà sì ti rìnrìn àjò lọ sí ìlú wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Àǹtí Àgbà, ló mú un lọ sí ọsibítù, èmi ni mo gbé báàgì tẹ̀lé wọn. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó ní kò tíì yá, ìrọbí èké ni. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé, mo sì gbọ́ ọ. Ó ní eléyìí, iwájú ikùn ló ti ń le, ó lè dé, ó lè lọ, kò ní ètò. Béèyàn bá mu omi, tó rìn díẹ̀ tàbí tó dùbúlẹ̀, yóò lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ti gidi, láti ẹ̀yìn ni yóò ti mú un wá síwájú, yóò máa tẹ̀lé ara rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, yóò máa le sí i, ìrìn ò ní dá a dúró, ìdùbúlẹ̀ ò ní dá a dúró. Ó ní bó bá tún ṣe é, kó tún wá, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àǹtí Àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àbí ó di adití ni? Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, tí àwọn ará ilé jáde síta láti bi wá léèrè, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló rántí.

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," ó ní. "Nọ́ọ̀sì ní èké ni."

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí èké jẹ́ lẹ́nu Yorùbá. Ìrọbí ni nọ́ọ̀sì pè ní èké. Àwọn ará ilé wa gbé e kúrò lórí ìrọbí, wọ́n gbé e lé obìnrin lórí. Wọ́n ní èké ni Ìyàwó, kò fẹ́ fọ aṣọ, kò fẹ́ lọ ata, ó ń fi oyún ṣe màkàrúrù. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kejì, tí wọ́n tún dá a padà, ha! Ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún un: "Ìyá Èké, káàbọ̀!" Àwọn àgbà tó yẹ kó gbá wọn lẹ́nu ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i nígbà tó fi etí ìró nu ojú.

Àárọ̀ Sátidé kan ló tún mú un, ọkọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, ìyá mi ò sì tíì ti ìlú wa dé. Ó ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, mo ń bá a fún omi inú rẹ̀ dànù. Mo rí i tó fọwọ́ ti ìdí, tó fi iwájú orí ti ògiri, tó fi eyín há etí ìró rẹ̀. Nígbà tó lọ sílẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ aṣọ. Kò pẹ́, ó tún mú un. Kò tilẹ̀ pẹ́ tó ti tẹ́lẹ̀ tó tún fi mú un.

Mo bi í pé, "Ṣé láti ẹ̀yìn ló ti ń mú yín?" Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ti gidi nìyẹn, ẹ jẹ́ n pe Àǹtí Àgbà.

"Eyínfúnjowó, jọ̀ọ́, má tíì pè wọ́n," ó ní. "Bí wọ́n bá tún ní èké ni ńkọ́? Jẹ́ kó dá mi lójú ná."

Mo sáré lọ pè wọ́n ṣá. Àǹtí Àgbà ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó pòṣé, ó ní, "Èké tún ti dé. Lọ sọ fún un pé aṣọ ń dúró dè é." Mo sunkún, mo fa ìró rẹ̀, ó gbá mi létí. Ọ̀sán ti pọ́n kí omi tó já lẹ́sẹ̀ Ìyàwó, omi tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ewé. Ìgbà náà ni wọ́n tó dìde, tí wọ́n ń sáré wá mọ́tò kiri. Ọmọkùnrin ló bí. Ọmọ náà ò ké.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Ọjọ́ tí Ìyàwó padà wálé lọ́wọ́ òfo, Àǹtí Àgbà jókòó tì í, ó ń sunkún, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn: "Kí ló dé tí o ò pariwo? Ṣé wọ́n dì ọ́ lẹ́nu ni?" Kí ọdún tó yí, Ìyàwó ti kó ẹrù rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó pè mí ní Eyínfúnjowó mọ́.

Ayé ti yí o, mi ò jiyàn. Ọmọ ọmọ mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Súrùlérè lóyún báyìí. Ní kíláàsì àwọn aboyún, wọ́n ti kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì ìjọ́sí sọ, kódà fóònù rẹ̀ ń bá a ka bí ìrọbí ṣe ń tẹ̀léra. Ó dára. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá tí wọ́n dá a padà láti ọsibítù, ọkọ rẹ̀ dúró sí pálọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sórí fóònù pé, "Fọ́ọ̀sì àláàmù ni o! Mádàámù Fọ́ọ̀sì Àláàmù ti dé!" Èké náà ló fi Òyìnbó pè. Ọmọ ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún ọkọ rẹ̀ pé bó bá di ìgbà méje, ìgbà méje ni yóò gbé e lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá, eré ni." Àwọn ará ilé wa náà, eré ni wọ́n ń ṣe.

Lánàá, mo bá ọmọ náà nílé ìdáná, ó di etí síǹkì mú. Mo ní ṣé kí n pe ọkọ rẹ̀.

"Ẹ má tíì pè é, Màmá," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó dá mi lójú ná."

Kó tó parí ọ̀rọ̀, mo ti gbé báàgì rẹ̀ dé géètì, mo ń ké pe ọkọ rẹ̀ kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. Nọ́ọ̀sì ní kò tíì yá, a sì padà wálé. Èmi fúnra mi ni mo kí i káàbọ̀. Báàgì rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, mi ò sì tíì bọ́ bàtà. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó wá rín in lójú mi.