Ohùn Màmá Aránṣọ Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Títí di òní, bí mo bá ti gbọ́ òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú lórí aṣọ tí wọ́n wọ́n omi sí, ilé tí mo gbé ní Múṣin ni ọkàn mi máa ń lọ tààrà. Yàrá kan ni mo gbà níbẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ní Yábàá. Iwájú ilé ni ìyá tó ni ín ti ń ránṣọ, àwọn mẹkáníìkì ń lu irin ní òdìkejì títì. Màmá Aránṣọ ni gbogbo wa ń pè é, "Tíṣà" lòun náà ń pè mí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò kọjá "good morning", kò sì ká a lára, àfi ọjọ́ tí lẹ́tà dé láti Lọ́ńdọ̀nù.

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọbìnrin kékeré tí òun náà bí, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí Màmá kò tíì fojú kàn rí. Lẹ́tà náà ní ọmọ yìí kò gbọ́ Yorùbá rárá; bí Màmá bá máa sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì fún un, kó jọ̀ọ́ sọ Gẹ̀ẹ́sì. O rántí ayé kásẹ́ẹ̀tì ṣá? Ẹni tó ní ènìyàn lókè òkun á sọ̀rọ̀ sí i, á wá ẹni tó ń rìnrìn àjò, á fi rán an. Màmá ká lẹ́tà náà, ó tì í sábẹ́ maṣíìnì.

"Tíṣà, Gẹ̀ẹ́sì inú ilé ni kóo kọ́ mi o, kì í ṣe ti ilé ìwé. Èyí tí ìyá fi ń jí ọmọ, tó fi ń wọṣọ fún un."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Inú ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí ni mo kọ ọ́ sí, lọ́nà tí ojú rẹ̀ fi lè kà á: wéékì ọ́ọ̀pù, pútù ọ́ọ̀nù, họ́rì ọ́ọ̀pù. Ó bi mí pé kí ló ń ṣe "get" gan-an tó fi ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kéékèèké kiri bí ẹni tó ń wá ọkọ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àmọ́ ó kọ́ ọ o! Bó bá ń fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì, á máa wí i lábẹ́nu: wake up, get up, eat up. Oníbàárà á wọlé, á ní "sit down", á wá fojú wá mi bóyá mo gbọ́.

Ọ̀sán Sátidé kan la gbà á sílẹ̀, nítorí pé ará ilé wa kan ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Màmá wọ bùbá tuntun bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò, ó jókòó ti rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì mi. Mo tẹ bọ́tìnì méjì pọ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ó jí ọmọ náà lójú oorun, ó wọ bàtà fún un, ó ní kó yára, kò sì ṣi ọ̀kan sọ. Àfi bó ṣe bú sí oríkì! "Àjọkẹ́!" ló pè é, orúkọ tó sọ ọ́ láti òkèèrè lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ó ń kì í lọ, ó ń ki àwọn baba ńlá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Èmi ọ̀mọ̀wé! Mo ní, "Màmá, ẹ dúró ná. Kò ní yé e." Mo pa rédíò.

Ó fi etí ìró nu ojú. "Ṣé kò ní gbọ́ ohùn mi ni?"

"Ẹ ṣáà fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín yé e, Màmá."

Ó tún ìró rẹ̀ ró. "Ó dáa. Ìwọ lo mọ̀wé."

Mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí ibi tí oríkì ti bẹ̀rẹ̀, mo ní kó sọ Gẹ̀ẹ́sì lé e lórí. Ohùn tútù ló fi sọ ọ́: kó dàgbà, "grow up"; kó tọ́jú ìyá rẹ̀, "look after your mummy"; kó máa bọ̀ nílé. Iṣẹ́ ọwọ́ mi dùn mọ́ mi nínú lọ́jọ́ náà. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Lẹ́tà dé lẹ́yìn oṣù díẹ̀ pé àràárọ̀ ni ọmọ náà ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, pé òun náà ti ń pariwo "hurry up" mọ́ ìyá rẹ̀. Màmá jó yí maṣíìnì po. Ó ní Kérésìmesì tó ń bọ̀ làwọn máa ríra. Wọn ò ríra. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú un lọ kí ọdún tó parí, ọmọ rẹ̀ kò sì lè wá sin ín, torí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì pé.

Ó tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí ìyá àti ọmọ tó wálé. Súrùlérè ni mo ti ń gbé nígbà yẹn, wọ́n wá mi débẹ̀. Ọmọ náà ti ga, imú Màmá gẹ́lẹ́ ló wà lójú rẹ̀. Ó mú kásẹ́ẹ̀tì náà jáde nínú báàgì, a fi í sí rédíò. Màmá jí i, ó wọ bàtà fún un, ó ní kó máa bọ̀ nílé. Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí a sọ lé oríkì náà lórí kò gùn tó o. Ìdí rẹ̀ ṣẹ́kù. Ohùn Màmá tún jáde, ohùn rẹ̀ gidi, tó kún fọ́fọ́: "Àjọkẹ́, ọmọ..." Lẹ́yìn náà, ohùn tèmi, ohùn ọ̀dọ́ tó le koko: "Màmá, ẹ dúró ná. Kò ní yé e."

Ọmọ náà yíjú sí mi, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé, "Àǹtí, kí ni wọ́n fẹ́ sọ tẹ̀ lé e?"

Mo wo ìyá rẹ̀. Ó mi orí. Èkó ni wọ́n bí i sí, kò kọ́ oríkì rí. Ìjẹ̀bú lèmi, etí lásán ni mo fi gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n bá àwọn tó mọ oríkì ilé wọn. Àmọ́ èyí tí Màmá fi ẹnu ara rẹ̀ tò fún ọmọ tí kò fojú rí, kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́.

N kò bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Òun náà ló jẹ́ kí ọmọ yẹn mọ̀ pé òun ní ìyá àgbà kan tó ń fẹ́ kóun jẹun, kóun wọ bàtà. Ohun tó ń dùn mí ni pé Màmá bi mí ní ìbéèrè kan, bóyá ọmọ náà kò ní gbọ́ ohùn òun, èmi kò sì dáhùn. Ọmọ náà gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló fi ń gbọ́ ọ, àràárọ̀, títí dé ibi tí mo ti ní kí ìyá àgbà rẹ̀ dákẹ́.