Ẹni Tó Gbẹnu Sọ fún Mi

Inú ṣì ń bí mi, n kò ní parọ́. Ẹni tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n ní Sókótó kì í ṣe ọmọ ìyá mi, ṣùgbọ́n ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi ni. Yàrá kan náà la jọ ń gbé ní Gagi, abọ́ kan náà la fi ń jẹun. Òun ló mú mi wọ ṣọ́ọ̀bù Alhaji nígbà tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Alhaji jẹ́ ará Ìlọrin tó ń ta páàtì ọ̀kadà ní Kofar Kware, ẹ̀gbọ́n sì ni olórí àwa tí à ń bá a tajà.

Kọ̀mpútà kan wà lórí káńtà tí orúkọ gbogbo ọjà tò sínú rẹ̀ lọ rẹrẹ. Bí oníbàárà bá béèrè púlọ́ọ̀gì, a ó máa yí i wálẹ̀, a ó máa yí i, títí onítọ̀hún á fi ní "Haba!", á sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì. Alhaji wá sọ pé òun fẹ́ ṣí ẹ̀ka ní Sama Road, ẹni tó bá yanjú wàhálà kọ̀mpútà yìí lòun máa fi ṣe máníjà ibẹ̀. Ọkàn mi fà sí ipò yẹn gan-an. Bí n kò bá rí i, ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló kù, kò sì sí iṣẹ́ kankan tó ń dúró dè mí nílé.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ètò kan tó fi àpótí ìwárí kékeré kan sókè ojú kọ̀mpútà: bí o bá ṣe ń tẹ lẹ́tà sínú rẹ̀ ni àwọn ọjà tí kò bá a mu á máa pòórá, títí á fi ku èyí tí ò ń wá. Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ ń dì gbagidi, torí ó ń lọ ka ọjà látòkè délẹ̀ lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo ní kó máa ní sùúrù kí ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sinmi ná, kó tó máa wá ọjà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò rí púlọ́ọ̀gì, nítorí àwọn ará wa tó ti pẹ́ níbí ń pè é bíi ti Hausa, "fulogi" ni wọ́n ń tẹ̀. Mo ní kó gba méjèèjì. Ọjọ́ tó ṣiṣẹ́, mo fò sókè nínú ṣọ́ọ̀bù bí ọmọdé.

Ẹ̀gbọ́n ní kí n má lọ bá Alhaji fúnra mi. "Àbúrò, wọ́n á ní ojú ń kán ẹ. Èmi ni màá bá ẹ sọ ọ́. Fi í sílẹ̀ fún mi."

Bí a ṣe ń ṣe é láàárín wa nìyẹn: ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan pàtàkì, àgbà ló ń gbẹnu sọ fún un. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Òmùgọ̀ pọ́ńbélé ni mí.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Alhaji pe gbogbo wa jọ. Ẹ̀gbọ́n jókòó ti kọ̀mpútà, ó tẹ lẹ́tà díẹ̀, púlọ́ọ̀gì yọ.

"Kai! Masha Allah!" Alhaji gbá a lẹ́yìn. "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ rèé? Sama Road ti di tìẹ."

Mo ń retí kí ẹ̀gbọ́n sọ pé èmi ni mo ṣe é. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Alhaji yíjú sí mi: "Ìwọ ńkọ́, kí lo bá a ṣe níbẹ̀?"

Kí n tó lanu, ẹ̀gbọ́n ti dáhùn: "Òun ló ń bá mi ra epo sí jẹnẹrétọ̀, Alhaji."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. N kò lè pe àgbà ní òpùrọ́ níṣojú ọ̀gá rẹ̀, ó sì mọ̀ pé n kò ní lè ṣe é. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Níbi tí a ti ń dúró de kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Gagi, ó fọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn. "Má bínú. Tí mo bá ti débẹ̀, màá fà ẹ́ wọlé. Ọjà tuntun ńkọ́? Báwo ni mo ṣe máa fi í kún un tí àpótí yẹn á fi máa rí i?"

Mo yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́rùn mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ rántí bí ẹ ṣe ṣe é."

Ó rò pé eré ni. Ìgbà tó bá mi níbi tí mo ti ń di ẹrù láti padà sílé ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Kò bẹ̀ mí pé kí n má lọ o. Ó ní kí n kọ́kọ́ kọ́ òun ná.