Eégbọn tó So Mọ́ Alájì Lọ́rùn

Mi ò tíì dárí ji Alájì, mi ò sì ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé mo ti dárí jì wọ́n.

Iṣẹ́ dókítà ẹran ni mo kọ́ ní Ìlọrin. Nígbà tí mo dé Dallas, ìwé ẹ̀rí mi ò já mọ́ nǹkan kan níbí, mo wá ń to páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Lancaster. Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún mi ni pé gbogbo ará mọ́ṣáláṣí wa ṣì ń pè mí ní Dókítà. Orúkọ yẹn ni Alájì gbà lọ́wọ́ mi.

Àgbà ni Alájì jẹ́ nínú mọ́ṣáláṣí náà. Wọ́n ní ràkúnmí márùn-ún nínú pápá kan lẹ́yìn ìlú, èmi ni mo sì ń lọ tọ́jú wọn ní Sátidé. Abo kan wà níbẹ̀ tó lóyún, tó máa ń gbé àgbọ̀n lé mi léjìká. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn èèyàn kan lọ.

Bí òtútù ṣe kásẹ̀ nílẹ̀, Alájì gba ọ̀rẹ́ wọn kan láyè kó kó màlúù wá jẹ̀ nínú pápá yẹn. Mo lọ bá wọn nílé, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Mo ṣàlàyé pé eégbọn máa ń ti ara màlúù bọ́ sílẹ̀, pé inú koríko gíga tó wà lẹ́bàá odò ni á ti máa dúró de ẹran, pé ooru àti òjò á jẹ́ kó pọ̀ sí i, àti pé ẹran tí agbára rẹ̀ ti dín kù, bí aboyún yẹn, ni á jìyà rẹ̀ jù. Alájì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹran aṣálẹ̀ ni ràkúnmí, kí ló da òun àti eégbọn pọ̀? Wọn ò gé koríko, wọn ò sì ra oògùn tí mo kọ fún wọn.

Kò pẹ́ tí eégbọn fi kún ihò imú abo mi, abẹ́ ìrù rẹ̀ àti ọmú rẹ̀. Mo ń fi ẹ̀mú kékeré yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ìgò sípíríìtì, mo sì ń ṣépè fún wọn bí mo ṣe ń yọ wọ́n. Bí mo bá yọ tòní, tọ̀la á tún kún ibẹ̀. Oyún bàjẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, abo náà kú, orí rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, níwájú gbogbo àgbà, Alájì nàka sí mi.

"Ọmọ yìí ni mo fi ẹran lé lọ́wọ́. Kò fín oògùn sí i lára. Dókítà ẹnu lásán ni."

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í pe àgbà ní òpùrọ́ ní gbangba. Mo panu mọ́, àṣìṣe mi sì nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè mí ní Dókítà mọ́. Mo gbé ìgò eégbọn náà sí ojú fèrèsé mi, mo ń wò ó láràárọ̀, mo sì ń gba àdúrà tí mi ò lè sọ fún lémọ́ọ̀mù.

Àdúrà náà gbà. Ìgbà ooru ò tíì parí tí ìyàwó Alájì fi pè mí. Eégbọn ti so mọ́ ọkọ wọn lọ́rùn, ó ti wú tó erèé. Wọ́n ti fi òrí kùn ún, kò bọ́, Alájì sì ní ojú á ti àwọn láti gbé e lọ sí ọsibítù. Àwọn àgbà ní eégbọn tó so mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ́nu, kì í ṣe adìẹ ni yóò já a. Èmi tí mo jẹ́ adìẹ sọ fún ìyàwó wọn pé màá já a, ṣùgbọ́n ní mọ́ṣáláṣí ni, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Inú mi dùn débi pé mo lọ ra ẹ̀mú tuntun.

Alájì jókòó, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n tẹrí ba. Àwọn àgbà ọjọ́ yẹn náà ló rọ̀gbà yí wa ká. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo dìde, mo fi ẹ̀mú mú eégbọn náà, mi ò sì fà á.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹni tó ń tọ́jú èèyàn gbọ́dọ̀ béèrè. Níbo ni eégbọn yìí ti rí yín?"

"Nínú pápá. Inú koríko ẹ̀bá odò yẹn."

"Ṣé ẹ ò tíì gé koríko náà, sà?"

"Mi ò tíì gé e."

"Oògùn tí mo kọ fún yín kí abo yẹn tó kú ńkọ́?"

"Please, yọ nǹkan yìí. Mi ò rà á. Mi ò rà á rárá."

Mi ò pe àgbà kankan ní òpùrọ́. Mo fa eégbọn náà tòun ti orí, mo sì nu ojú ibẹ̀ dáadáa. Lémọ́ọ̀mù wò mí, wọ́n ní, "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́."

Mo mú ìgò mi jáde nínú báàgì, mo ju eégbọn Alájì sí i, mo sì gbé e síwájú wọn.

"Àwọn yòókù nìyí, sà. Ara abo yẹn ni mo ti yọ wọ́n."

Mo tún kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa kí n tó lọ.