Ojú Òsì Ìyá Aláago

Ìyá Aláago ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń tún aago ọwọ́ ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan, ojú ọ̀tún ló sì máa ń fi awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá sí. Bí ẹ̀rọ kan bá ń dún nítòsí, kò lè ṣe kó má yọjú wò ó. Ohun tó kó o sí wàhálà nìyẹn.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ìtànṣán lésà pa irun, kí wọ́n bá a mú èyí tó hù láàárín ojú rẹ̀ méjèèjì kúrò. Wọ́n fi awò dúdú bò ó lójú, wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣí i. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún pá-pá-pá. Etí aláago gbọ́ pé nǹkan kan dẹ̀ nínú rẹ̀. Ó fi ìka gbé awò sókè, ó yọjú. Ẹni tó mú ẹ̀rọ dání rí ìka náà, kò sì dáwọ́ dúró. Ìmọ́lẹ̀ bù yẹ̀rì sójú ọ̀tún.

Dókítà ojú fún un ní oògùn tí yóò máa kán. Ìrora lọ, ṣùgbọ́n ọmọlójú náà kò rí róbótó mọ́, ojú ọ̀tún kò sì lè rí nǹkan kékeré mọ́. Ẹni tó bá ní ó san tán, irọ́ ló pa.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ṣọ́ọ̀bù yìí pa.”

“Ṣé ojú kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi ni?”

Àwọn méjèèjì ṣàdéhùn: bí kò bá lè de sukúrù kan ṣoṣo sínú aago obìnrin kó tó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, yóò tìlẹ̀kùn. Ó gbé awò sójú òsì. Sukúrù ń ta dànù, àbúrò rẹ̀ ń fi tọ́ọ̀ṣì wá a lábẹ́ tábìlì.

“Ṣé aago lẹ̀ ń tún ṣe, àbí ẹ̀ ń fúnrúgbìn?”

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Aláago mú òmíràn, ó sé èémí. Sukúrù wọlé, ó yí i, ó le dan-in. Aago bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

“Dìde nílẹ̀ jàre.”

“Ẹ dúró ná, mo ti rí mẹ́ta! Èwo ni tiyín?”

“Kò sí ìkankan. Tèmi ti wọlé.”

Àbúrò rẹ̀ fò dìde, ó forí gbá tábìlì gbàà. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú Ìyá Aláago, àtọ̀tún àtòsì.