Sípíkà Méjì, Ìdí-Igi Méjì

Tíṣà ìṣirò ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ṣàngó. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní pínpín, mo sì mọ̀ ọ́n kọ́. Ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ mi, kò ní mọ̀ ọ́n mọ́ láéláé. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ irú ẹnu tí mo ní, torí pé ẹnu náà ló ba nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí jẹ́.

Òṣìṣẹ́ iná ni bàbá mi ní ilé-iṣẹ́ kan ní Àgbárá. Ọ̀yọ́ ló ti wá, ó sì kọ́lé sí Alápòtí nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Ìyàwó méjì ló fẹ́. Ìyálé bí mẹ́ta, màmá mi bí mẹ́ta, èmi sì ni àkọ́bí màmá mi. Màmá Àgbà ni àwa ọmọ ìyàwó kékeré ń pe ìyálé. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ dáwódù ilé, fi ọdún kan péré jù mí lọ, àmọ́ ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ń pè é títí dòní.

Inú ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n fi kó àwọn sípíkà náà wá. Ọ̀gá kan tó jẹ́ ará Íńdíà ló ni wọ́n. Ó ń padà sílùú rẹ̀, ó sì fi wọ́n ta bàbá mi lọ́rẹ torí pé ọjọ́ pípẹ́ ni bàbá mi ti ń bá a tún iná ilé rẹ̀ ṣe láìgba kọ́bọ̀. Kì í ṣe irú sípíkà tí wọ́n ń gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù ní Toll Gate láti fi pe oníbàárà. Ọkùnrin méjì ló ń gbé ọ̀kan. Wọ́n ga tó àyà mi nígbà yẹn, wọ́n dá dúró lórí ilẹ̀ fúnra wọn, pákó ara wọn sì ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Ojú mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní: ojú ńlá nísàlẹ̀ fún ìró tó wúwo, ojú kejì láàárín fún ohùn èèyàn, ojú kékeré lókè fún ìró tó tínrín. Bàbá mi ní ẹni tó bá ta méjèèjì á fi owó rẹ̀ ra mọ́tò, ó sì ní òun ò ní tà wọ́n.

Ó fi tépù wọn pálọ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ lọ́tùn-ún, ó fa òmíràn lósì, ó wá fa ẹ̀kẹta síbi tí àga onígi kan ṣoṣo á máa wà ní iwájú wọn. Ìgbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo tó mọ̀ pé onígun mẹ́ta tó dọ́gba ló fà sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sún wọn kúrò lójú ṣọ́ọ̀kì. Màmá Àgbà gbé òdòdó oníke àti fọ́tò ara rẹ̀ lé tọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tí màmá mi rí i, òun náà tẹ́ aṣọ aláràbarà lé tọwọ́ òsì, ó gbé fọ́tò tirẹ̀ lé e. Bàbá mi kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó ní, "Ẹ̀yin obìnrin yìí, ṣé orí fìríìjì lẹ pe ibí ni?"

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni a máa ń gbọ́ orin. Bàbá mi á gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìn ògiri, á fi wáyà gígùn fa iná wọlé kí ariwo rẹ̀ má bàa bá orin dà pọ̀. Àwo orin kan wà tó fẹ́ràn jù. Ẹni tó ń dá orin inú rẹ̀, inú sípíkà ọ̀tún ló wà. Àwọn elégbè wà nínú tòsì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ láyé ọjọ́un. Tó o bá ti jókòó sórí àga yẹn, ọkùnrin náà á dá a lọ́tùn-ún, wọ́n á gbè é lósì, ìwọ á sì wà láàárín bí ọmọ tí àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Àwa ọmọ ń gba àga náà ní ìtẹ̀léra, ojú àwo kan fún ẹnì kan. Lọ́jọ́ kan tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, tí mo pàdánù ìgbà tèmi, ẹ̀gbọ́n mi fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi títí orin fi tán. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa ń ronú nígbà náà pé ọmọ ìyálé ni tibí, ọmọ ìyàwó ni tọ̀hún.

Ọdún márùn-ún rèé tí bàbá mi ti kú. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wá láti Ọ̀yọ́ láti pín ogún. Ìdí-igi ni a fi ń pín in nílé wa. Iye ìyàwó ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka orí ọmọ. Ìyàwó méjì, ọ̀nà méjì. Yàrá di méjì-méjì, ilẹ̀ di ọ̀kọ̀ọ̀kan, pálọ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ìyálé, ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé bọ́ sọ́wọ́ tiwa. Ó ń lọ geere títí ó fi kan sípíkà.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi àwọn yìí sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Kí ẹnikẹ́ni má gbé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orin nínú wa á máa wá síbí."

Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni. Èmi ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni pé pálọ̀ ti di tiwọn, dáwódù sì fẹ́ fi ọgbọ́n jẹ méjèèjì mọ́ ọn. Màmá mi ti ń fi ìgbùnwọ́ gún mi ní ìhà. Mo dìde.

"Bàbá, ẹ dákun," mo wí fún àbúrò bàbá mi. "Sípíkà méjì, ìdí-igi méjì. Méjì pín sọ́nà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Kí la tún ń rò sí i?"

"Tíṣà!" ni wọ́n pariwo. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ yìí gbọ́n. Ẹ ò rí i pé ìwé dáa?" Inú mi dùn, kí n má parọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi jà. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ìwọ náà?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbé tọwọ́ òsì wá sílé mi ní Ṣàngó. Èmi náà gbé àga onígi yẹn àti àwo tí bàbá mi fẹ́ràn jù dání. Kò sẹ́ni tó kà wọ́n mọ́ ogún.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Mo ra ańpù àti ẹ̀rọ tó ń lu àwo, mo so sípíkà mọ́ ọn, mo gbé àwo bàbá mi sí i, mo jókòó. Àwọn elégbè ń gbè. Kò sí ẹni tó ń dá. Wọ́n á dákẹ́, àyè á ṣí sílẹ̀ fún ọkùnrin náà, n ó máa retí rẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀, wọ́n á tún gbè. Mo pààrọ̀ wáyà sí ihò kejì. Ọkùnrin náà jáde wàyí, ó dá a, kò sẹ́ni tó gbè é. Mo lọ bá alátùn-únṣe kan ní Toll Gate, ó bá mi so ọ̀nà méjèèjì pọ̀ sí ọ̀kan. Gbogbo wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà láti ojú kan, wọ́n ń rọ́ lu ara wọn bí èrò àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó ń jà sí ọkọ̀ kan ṣoṣo.

"Madam, e don set," ni ọkùnrin náà wí. "Àbí kí ló tún kù?"

Mo ní ó ti set. Mo délé, mo tú wáyà tó so pọ̀ náà. Láti ọjọ́ náà lọ, mo da aṣọ bò ó.

Màmá mi kú lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi wá síbi ìsìnkú. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní, "Ẹ kú ìrójú, ma." Ẹ̀gbọ́n mi tó fún mi láyè lórí àga lọ́jọ́ tí mo ń gbọ̀n fún ibà, òun ló ń pè mí ní "ẹ", òun ló ń pè mí ní "ma", bí ẹni ń kí ọ̀gá ọ́fíìsì. Ó dùn mí wọ eegun. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo pinnu pé n ó gbé sípíkà tọwọ́ òsì fún un pátápátá. Kí méjì tún jẹ́ méjì nínú ilé kan, kódà bí ilé náà kì í bá ṣe tèmi. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún ni kó jẹ́ kí n jókòó sáàárín wọn lẹ́ẹ̀kan péré, kí òun náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọjọ́sí.

Mo gba ọkọ̀ kórópe kan, mo sanwó gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn. Bí dẹ́rẹ́bà ṣe rí ohun gígùn tí mo fi aṣọ wé, ó ní, "Aunty, ẹ jọ̀ọ́ o, ṣé òkú kọ́ lẹ gbé?" Mo ní kó wa ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà Àtan sí Àgbárá kò dáa, ọkọ̀ ń já sí kòtò kan, ó ń ti ibẹ̀ já sí òmíràn, mo sì di sípíkà náà mú mọ́ra ní gbogbo ọ̀nà bí ìyá ọmọ.

Yàrá méjì ni ẹ̀gbọ́n mi háyà sí ẹ̀bá ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Àgbárá, ó ti kó Màmá Àgbà kúrò ní Alápòtí wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣíìfù dé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wo ohun tí dẹ́rẹ́bà ń bá mi sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"O gbé e wá," ni ó wí.

"O" ló pè mí. Omi bọ́ lójú mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mo gbé e wá fún yín ni. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn dúró papọ̀."

Màmá Àgbà wò mí láti ẹnu ọ̀nà, ó mí kanlẹ̀. "Fi hàn án," ó wí fún ọmọ rẹ̀.

Inú kọ́rídọ̀ ni sípíkà ọ̀tún dúró sí. Àlùbọ́sà wà lórí rẹ̀ nínú agbọ̀n. Ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kúrò lára rẹ̀, ihò mẹ́ta ló kù, wọ́n sì to bàtà sínú ihò tó tóbi jù.

"Ìdí-igi tiwa náà, ọmọ mẹ́ta ni wá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Àwọn àbúrò mi ní kí ló dé tó jẹ́ ọ̀dọ̀ tèmi nìkan ló wà. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ṣebí Aunty Tíṣà ti fi ọ̀nà hàn wá. Ojú mẹ́ta, ọmọ mẹ́ta. Mi ò bú ẹ o. Ohun tí wọ́n sọ ni mo sọ."

Èyí ọkùnrin nínú àwọn àbúrò rẹ̀ gbé ojú ńlá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun rẹ̀, ó fi ń pe oníbàárà, ó sì bẹ́ kí oṣù tó parí. Èyí obìnrin mú ojú kékeré lọ sílé ọkọ, kò tilẹ̀ mọ ibi tó wà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó mú tirẹ̀ jáde lábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Ẹ̀wù iṣẹ́ bàbá wa ló fi wé e.

"Èmi mú ti àárín," ó ní. "Ibẹ̀ ni ohùn èèyàn ń gbà jáde." Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Kò wúwo rárá.

Mo ní kó jẹ́ kí n fi tèmi sílẹ̀ fún un bó tilẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó mi orí. "Ìwọ tíṣà, ọ̀kan ròpọ̀ mọ́ òfo, mélòó ni?" Mo gbé ojú àárín náà padà lé e lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló bá mi gbé sípíkà padà sínú kórópe.

Mo bá àwọn àbúrò mi méjèèjì, ọkùnrin àti obìnrin, lẹ́nu ọ̀nà mi ní Ṣàngó. Ọ̀rọ̀ ti dé etí wọn. "Aunty, wọ́n ní ẹ gbé ìpín ìyá wa lọ fún ọmọ ìyálé," ni èyí ọkùnrin wí. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo ronú pé bí wọ́n bá gbọ́ bí orin ṣe ń dún nínú ọ̀kan ṣoṣo, á yé wọn. Mo so sípíkà mọ́ ańpù, mo gbé àwo bàbá wa sí i, mo ní kí àbúrò mi ọkùnrin jókòó sórí àga onígi náà.

Àwọn elégbè gbè. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n tún gbè.

"Ó ti bàjẹ́," ó ní. "Àwọn elégbè nìkan ló ń dún. Tó bá ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká kúkú tú u."

Súkúrù-díráfà ti wà lápò rẹ̀ láti ilé. Mi ò dá a dúró. Ta ni n bá bínú sí? Ìṣirò tèmi ni wọ́n ń ṣe. Ó tú ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tò wọ́n sórí ilẹ̀ níwájú mi, ó sì fi ọ̀wọ̀ sún sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin ni àgbà," ó ní. "Ẹ kọ́kọ́ mú."

Mo ní kí àwọn méjèèjì pín in láàárín ara wọn.

"Mẹ́ta fún ẹni méjì?" ni àbúrò mi obìnrin wí. "Aunty, á ku ọ̀kan."

Mo sọ fún un pé èmi ti mú ìpín tèmi, láti ọjọ́ tí mo ti dìde sọ̀rọ̀ ní Alápòtí.